Bí a ṣe ń so àwòrán aṣọ ayé Dior mọ́ páálí láìba bébà rẹ̀ jẹ́

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn àti ìpolówó ni ọ̀pọ̀ àwòrán aṣọ tí René Gruau, ayàwòrán aṣọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yà ní Paris lẹ́yìn oṣù kejì ọdún 1947, nígbà tí Christian Dior, aránṣọ ará Faransé, pàtẹ aṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní òpópónà Montaigne. Tàdáwà àti gouache (ọ̀dà olómi tó nípọn) ni wọ́n sábà máa ń lò, bí gouache bá sì ti gbẹ fún àádọ́rin ọdún pàápàá, omi ṣì lè tú u. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì gé páálí méjì tí kò ní ásíìdì, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, èkejì tí a ó yọ fèrèsé sí fún iwájú.

Ìlẹ̀mọ́ ni mo ti rí tí ó ba iṣẹ́ àwọn ènìyàn jẹ́ jù lọ. Ẹ má ṣe fi sẹlotéèpù kan àwòrán náà, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa pọ́n, a sì máa wọ inú bébà débi pé àbàwọ́n rẹ̀ kì í fẹ́ jáde mọ́. Ẹ má sì ṣe lẹ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀: bébà a máa fẹ̀, a sì máa sún kì bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti ń yí padà, bí kò bá sì ráyè mira, yóò hunjọ, gouache tó nípọn yóò sì sán, yóò máa ré bọ́.

Bébà Japan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì péré, ní etí òkè, ni kí ẹ fi ṣe ìdè tí yóò so àwòrán mọ́ páálí ẹ̀yìn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì olómi fa ìlà sí i, kí ẹ wá rọra fà á ya. Bí ẹ bá fi àlùmọ́gàjí gé e, etí rẹ̀ yóò yọ hàn níwájú àwòrán. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹgẹ́ ju bébà àwòrán lọ, kí ó lè jẹ́ pé òun ni yóò ya bí férémù bá já bọ́.

Ẹ se ṣíbí sítáàṣì àlìkámà kan pẹ̀lú ṣíbí omi márùn-ún lórí iná díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kun ìdè, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí ń fa omi títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, kí ó tó kan àwòrán rárá. Ìkánjú níbí ni ó máa ń jẹ́ kí omi là dé iwájú. Òkúta tí mo fi aṣọ òwú wé ni mo máa ń gbé lé orí ìdè náà di ọjọ́ kejì.

Bí etí òfìfo àwòrán bá fẹ̀, igun mẹ́rin tí a fi bébà aláìlásíìdì ká, tí a ó ki igun àwòrán bọ̀, ti tó dípò ìdè, kò gba gọ́ọ̀mù, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Fèrèsé páálí ni kò ní jẹ́ kí gíláàsì kan gouache. Ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ ju lux 50 lọ (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀). Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́ tí ẹ so ó, sára páálí ẹ̀yìn, kì í ṣe sára àwòrán.