Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Mú Ọ̀dọ́ Aṣíkiri Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣí wá láti ilẹ̀ òkèèrè bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ládùúgbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí kálukú wọn ń wá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rò pé ṣe ni wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú tó gbà wọ́n. Ẹni tí ẹ bá fi ọpẹ́ dè mọ́lẹ̀ kì í pẹ́ sá lọ.

Ní 1998, Gil Clary àti Mark Snyder, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn, pín ìdí tí èèyàn fi ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ sí mẹ́fà: ìgbàgbọ́ ẹni, ìmọ̀, ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́, ọ̀nà iṣẹ́, ìtura kúrò nínú ìdààmú ọkàn, àti iyì ara ẹni. Ti ọ̀dọ́ aṣíkiri sábà máa ń wà nínú mẹ́fà yìí, àmọ́ kíkọ́ èdè ìlú tuntun ló máa ń fara pa mọ́ sábẹ́ ìmọ̀, ẹni tó lè jẹ́rìí síni níbi iṣẹ́ ló sì wà lábẹ́ ọ̀nà iṣẹ́. Ti iyì ńkọ́? Ó ti sú wọn pé àwọn nìkan ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́.

Ẹ bá ọ̀dọ́ náà jókòó fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má bi í pé, “Kí ló dé tí ẹ fẹ́ yọ̀ǹda ara yín?” torí ohun tó máa dùn mọ́ yín nínú ló máa sọ. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbi tó ti wá, ohun tó fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe láàárín oṣù mẹ́fà sí i, àti ọjọ́ àti wákàtí tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ìdáhùn yẹn ni kẹ́ ẹ fi yan iṣẹ́. Ẹni tó ń wá èdè kò gbọ́dọ̀ máa nìkan to páálí nínú yàrá ẹrù. Ibi tí wọ́n ti ń gbàlejò ló yẹ ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹni tó ń wá ọ̀rẹ́, ẹ fi í sáàárín èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ ṣọ́ra fún iṣẹ́ ògbufọ̀ o! Torí pé ó gbọ́ èdè méjì, gbogbo ẹgbẹ́ á fẹ́ lò ó bẹ́ẹ̀, á wá máa tún ìrora tó sá fún gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ bi í ná, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tàbí ti kóòtù lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ẹ yẹ físà rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àpẹẹrẹ, ẹni tó ń wá ibi ìsádi lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú, àmọ́ tí iṣẹ́ náà bá ti ní àdéhùn bíi ti òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Owó ọkọ̀ tó ná gan-an ni kẹ́ ẹ dá padà fún un, kó fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn yín, lọ́jọ́ náà gan-an. Tẹ́ ẹ bá ní ó di ìparí oṣù, á ti dẹ́kun wíwá.

Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ wáyé láàárín ọjọ́ méje, kó má ju wákàtí méjì lọ. Bí àyẹ̀wò ìwà àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ láàárín ọmọdé bá ń falẹ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ míì ṣe ná.

Nínú lẹ́tà ẹ̀rí tí ẹ máa fún un láti fi wá iṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́, iye wákàtí, iṣẹ́ tó ṣe, àti orúkọ ẹni tó bójú tó o. “Ọmọ dáadáa ni” kò wúlò fún agbanisíṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ tún àwọn ìbéèrè yẹn bi í, torí ẹni tí èdè mú wá lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló ń dá a dúró báyìí. Bó bá ti ríṣẹ́, ẹ béèrè Sátidé kan lóṣù méjì-méjì.