Àṣìṣe Tó Ń Pa Ẹjọ́ Àìsàn Tí Dókítà Kò Tètè Rí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tún gbé fáìlì wọ ọ́fíìsì mi. Àṣìṣe dókítà hàn gbangba nínú ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti sanwó fún oníṣègùn méjì láti kọ ìjábọ̀ ẹ̀rí fún un, ìwé sì kún tábìlì. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ọjọ́ wo ni àyè àtipẹjọ́ máa dí? Ó ti dí. Ó sú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Àwọn àṣìṣe tí ẹ̀ ń ṣe nìyí:

1. Kí ẹ máa ra ẹ̀rí kí ẹ tó ka ọjọ́. Ìjábọ̀ àgbà oníṣègùn wọ́n bí ojú, kò sì sí èyí tó ń jí ẹjọ́ tó ti kú dìde.

2. Kí ẹ máa lo gbèdéke ìlú oníìlú. Ọdún 3 ni wọ́n ń lò ní England, ọdún 2 ní Texas. Ní California, ọdún 3 láti ìgbà tí ìpalára ṣẹlẹ̀ ni, tàbí ọdún 1 láti ìgbà tí ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín tó ní "ọdún mẹ́ta ni, fọkàn balẹ̀" kò purọ́. Ibi tí òun ń gbé ló ń sọ.

3. Kí ẹ máa rò pé aago ń dúró dìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé dókítà jẹ̀bi. Ẹ wo William Kubrick, ológun tẹ́lẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ní 1968, wọ́n fi oògùn neomycin fọ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ní 1969, wọ́n sọ fún un pé ó jọ pé oògùn náà ló fà á. Ọdún 1971 ló tó gbọ́ pé kò yẹ kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀, ó sì pẹjọ́ ní 1972. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ ní 1979 pé láti 1969 ni ọdún 2 tí òfin fún un láti pẹjọ́ ti ń lọ. Tiẹ̀ kì í ṣe àìsàn tí wọn kò rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn: ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé ẹ ti fara pa àti ohun tó fà á, kì í ṣe ọjọ́ tí inú tó bí yín.

Àwọn ibì kan tún wà tí aago ti ń lọ kí ẹ tó mọ nǹkan kan rárá. Lavern Wilkinson ya X-ray ní New York ní 2010. Kókó kan hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ìgbà tó fi mọ̀ ní 2012, àyè ti dí. Ó kú ní 2013. Òfin tí wọ́n fi sọrí rẹ̀, Lavern's Law, jáde ní 2018: ọdún 2 ààbọ̀ láti ìgbà tí a bá mọ̀ (ti ilé ìwòsàn ìjọba kò tó bẹ́ẹ̀), kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún 7 lọ lẹ́yìn àṣìṣe náà. Jẹjẹrẹ nìkan ló sì wà fún. Bó bá jẹ́ àrùn ọkàn ni wọn kò rí, òfin yẹn kò kàn yín.

4. Lẹ́tà. Ibi tó ń dùn mí wọra nìyí.

Màmá kan wá bá mi. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọ̀rá lásán ni kókó tó wà ní ọyàn wọn. Kì í ṣe ọ̀rá. Màmá yìí létò ju akọ̀wé mi lọ: lẹ́tà 14, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò ọ̀rá tirẹ̀, rìsíìtì ìfìwéránṣẹ́ wà lẹ́yìn wọn. Èsì ilé ìwòsàn náà dùn ún kà. "A bá yín kẹ́dùn." "Ọ̀rọ̀ yín ti dé iwájú ìgbìmọ̀." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣe sùúrù díẹ̀." Bí mo ṣe ń ṣí i ni mo ń fi ìka ka oṣù lábẹ́ tábìlì. Ọdún 3 ti pé ní ọjọ́ 19 ṣáájú ọjọ́ náà. Èsì tó kẹ́yìn, èyí tó ní ìwádìí ti parí, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn gbèdéke ni déètì tó wà lórí ẹ̀. N kò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. N kò sì sọ pé wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Lẹ́tà ẹ̀sùn kì í dá aago dúró. Ìpàdé kì í dá a dúró. "A ti ń sọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú" kì í dá a dúró, bí ẹni tó ń sọ ọ́ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ pẹjọ́ ní kóòtù, tàbí kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó sọ ọ́ ní pàtó pé àkókò dúró. Òótọ́ ni pé ní England, òfin Limitation Act ti 1980 fún adájọ́ láyè láti gba ẹni tó pẹ́ wọlé. Ṣé ojú àánú ẹni tí ẹ kò rí rí lẹ fẹ́ gbójú lé?

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, màmá náà dákẹ́, wọ́n tún àwọn lẹ́tà wọn tò, wọ́n wá ní: "Ṣé kí n kọ ọ̀kan péré sí wọn sí i?"

Níbo ni mo kà dé ná? Ẹ jẹ́ a fi nọ́ńbà sílẹ̀.

Gbèdéke ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà; ní England, ọjọ́ tó bá pé ọdún 18 ni ọdún 3 tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ti ọmọ ka ti ara yín.

Ẹ má wá lọ́sẹ̀ tó kù. California fẹ́ kí ẹ fún dókítà ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 90 kí ẹ tó pẹjọ́, Texas fẹ́ ọjọ́ 60, ilé ìwòsàn sì lè gbé fáìlì yín pamọ́ bí ẹyin lábẹ́ adìyẹ.

Èmi tí mo ń pariwo yìí náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ gbèdéke oníbàárà kan sórí ìwé pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gbá a dànù. Ọjọ́ 2 ló kù kí n tó rántí, mo sì sáré dé kóòtù pẹ̀lú bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ibi mẹ́ta ni mo ń kọ ọ́ sí báyìí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ìgbálẹ̀ lè dé.