Bí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbin igi méjì sí páàkì torí Lumpy Stevens

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fà á o. A jọ ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì ní tẹlifíṣọ̀n, ló bá ní "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tó jẹ́ igi mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbìn?" Igi tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń wí, èyí tí ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù máa ń fẹ́ bà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ó wò mí sùn-ùn, kò dá mi lóhùn. Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀, ni mo bá wá a lọ lóru, ibẹ̀ ni mo ti pàdé Lumpy, ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Edward Stevens lorúkọ ẹ̀ gan-an, Send ní Surrey ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1735, ọgbà ló ń bá ìjòyè kan, Earl of Tankerville, tọ́jú ní Walton-on-Thames. Àmọ́ n ò rò pé torí òdòdó nìkan ni ọ̀gá yẹn ṣe fẹ́ràn ẹ̀, torí wọ́n ní Lumpy jẹ £100 fún un nínú tẹ́tẹ́ kan, wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀, wọ́n ní kó fi bọ́ọ̀lù bà á lẹ́ẹ̀kan péré tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì bà á. Ti orúkọ Lumpy, àwọn kan ní bí ara ẹ̀ ṣe ki ni, àwọn kan ní odindi páì ápù kan ló dá jẹ níbi àsè. Ti páì yẹn lèmi fara mọ́ jàre.

Ní May 1775, ní Artillery Ground ní London, èèyàn márùn-ún gbá fún Kent, márùn-ún fún ẹgbẹ́ Hambledon, Kent ni Lumpy wà lọ́jọ́ yẹn. Ó ku John Small ará Petersfield nìkan tó máa gbá fún Hambledon, rọ́ọ̀nù 14, ìyẹn àmì ayò, ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó borí. Igi méjì péré ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, wọ́n á wá gbé tín-ín-rín kan dábùú orí ẹ̀, tó bá ti já bọ́, ẹni tó ń gbá ti jáde nìyẹn. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù Lumpy kọjá lára Small, tó gba àárín igi méjèèjì yọ sẹ́yìn, nǹkan kan ò já bọ́. Small gba 14 ẹ̀ pé, Kent lọ sílé lófo.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta? Mo ní rárá, àfi ká dán an wò.

Òfin 1774 ni mo tẹ̀ lé: igi ga ní ínṣì 22, tín-ín-rín orí ẹ̀ jẹ́ ínṣì 6, yáàdì 22 láàárín ìhín àti ọ̀hún. Mo ra igi máàpù ní pọ́n-ùn ṣọ́ọ̀bù, mo gé e sí ínṣì 22 méjì géérégé, inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí mo gbá a wọ ilẹ̀ páàkì tán tó kù bíi ínṣì 15 lókè. Mi ò rántí pé igi máa ní ìdí nínú ilẹ̀! Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo padà lọ ra méjì míì. Igi súyà ni mo kọ́kọ́ gbé dábùú, atẹ́gùn gbé e lọ, mo wá lo pẹ́ńsùlù, ó ń yí bọ́, àfi ìgbà tí mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ kòtò kékeré sórí igi kọ̀ọ̀kan ló tó jókòó.

Láti ìsàlẹ̀ la ti ń sọ ọ́, bíi tayé ìgbà yẹn, wọn kì í gbé ọwọ́ kọjá orí. Èmi 40, òun 40. Nínú 80 yẹn, 11 péré ló dé ibi tí igi wà. 8 gba igi, pẹ́ńsùlù já. 3 gba àárín kọjá, pẹ́ńsùlù ò tiẹ̀ mira, ẹ ò rí i bí ó ṣe rí lára mi nígbà tí tèmi kọjá bẹ́ẹ̀, mo ti ń pariwo kí n tó rí i pé nǹkan kan ò ṣubú.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Bọ́ọ̀lù ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ ní fífẹ̀, àárín igi sì fẹ̀ jù ú lọ dáadáa, torí náà èyí tó lọ tààrà jù, tó dáa jù, òun gan-an ni kì í kà. Àwa rí 3 nínú 80, kò sì sí ẹni tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàtì. Lumpy rí mẹ́ta lára Small, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé ìgbà yẹn, ó túmọ̀ sí pé Small ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá, igi ló gba Small là. Àwọn tó wà níbẹ̀ náà rí i pé kò dáa, láàárín ọdún díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìkẹta sí àárín.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń fa ajá kọjá bi wá bóyá igi wa kan sọnù. Ọmọ yẹn ló dá a lóhùn, ó ní "Rárá mà, 1775 la wà." Òjò wá lé wa wọlé. Àwọn igi kúkúrú tí mo gé bàjẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ń gbé tòmátò ẹ̀ ró.