Ọkọ̀ àtijọ́ tó kùnà nínú àyẹ̀wò èéfín: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bá kùnà nínú àyẹ̀wò èéfín, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún èèyàn ní Àkúrẹ́ ni pé kó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Bí ìyẹn ò bá ṣe é, wọ́n á ní nọ́sù tó ń fín epo ni, bó bá tún yá, ó di brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Owó á tán, èéfín á ṣì wà níbẹ̀. Ìwé tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tẹ̀ jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó tì, torí nọ́ḿbà mẹ́rin tó wà lára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ka síbi tí àìsàn náà wà.

CO (carbon monoxide, gáàsì olóró) máa ń pọ̀ nígbà tí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, tí kò sì jó tán. HC ni epo tútù tó gba inú ẹ́ńjìnì kọjá láìjó. CO2 ni ẹ̀rí pé epo jó: nínú ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 14 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. O2 ni afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù. Ọkọ̀ tí catalytic rẹ̀ (àpótí ara páìpù sálẹ́ńsà tó ń fọ èéfín mọ́) ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í sábà kọjá 0.3% ní CO, HC rẹ̀ kì í sì í kọjá 200 ppm (ìdá igba nínú mílíọ̀nù kan).

Ẹ kà wọ́n pa pọ̀. Bí CO bá ga tí O2 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, epo ló pọ̀ jù. Bí HC bá ga, tí O2 náà ga, tí CO sì kéré, sílíńdà kan kò jó dáadáa, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa yọ́ wọlé níbi tí kò yẹ. Bí CO àti HC bá jọ ga, epo pọ̀ jù, catalytic náà sì ti kú tàbí kó má sí níbẹ̀ mọ́. Bí O2 bá ga tí CO2 bọ́ sílẹ̀ gan-an, ẹ wo sálẹ́ńsà kẹ́ ẹ tó wo ẹ́ńjìnì, torí ihò kékeré kan lára rẹ̀ lè fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé kó sì ba gbogbo nọ́ḿbà jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n jó o pa, kẹ́ ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó bá jẹ́ pé VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ló dá yín dúró nítorí èéfín lásán, tí kò sí ìwé kankan, àwọ̀ èéfín ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìwé. Dúdú, epo pọ̀ jù. Búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń jó. Funfun tí kì í lọ bọ̀rọ̀, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà ni kẹ́ ẹ fura sí. Funfun fẹ́ẹ́rẹ́ ní àárọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú, tó pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi lásán ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò yìí. CO kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tí wọ́n tì pa lè pa ẹni tó wà níbẹ̀ kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré lẹ́yìn sálẹ́ńsà.

Thermostat tí wọ́n yọ sọnù

Ibí yìí ni a ó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí òun ló ń fa èéfín ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tọ́kunbọ̀ nílẹ̀ wa, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Bí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀kan, mẹkáníìkì á yọ thermostat (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dí omi lọ́nà rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná), á ní ilẹ̀ wa gbóná, ọkọ̀ ò nílò rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà kò ní gbóná mọ́ fúngbà díẹ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnì náà kò ní dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún mọ́ bó bá ti jáde sójú títì. Sẹ́ńsọ̀ ooru á máa sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, brain box á sì máa bu epo kún epo bí ẹni pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀. CO á ga, epo á máa tán kíákíá, èéfín dúdú á sì máa ba catalytic jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ rèé. Ẹ so ẹ̀rọ scan, èyí tó ń ka ọ̀rọ̀ inú brain box, mọ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ ṣí ibi tó ti ń fi ooru omi hàn, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó yẹ kó wà láàárín 82 sí 95 °C. Bó bá dára nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọjà Ọba, tó wá já sí 65 nígbà tẹ́ ẹ bọ́ sójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, thermostat kò sí níbẹ̀, tàbí kó ti ya ẹnu sílẹ̀ láìpadé. Kóòdù P0128 lórí scan ló máa ń bá a rìn. Ẹni tí kò ní scan lè fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ lẹ́yìn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná: bí thermostat bá wà, họ́ọ̀sì yẹn á tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ni á gbóná lójijì. Bí kò bá sí, díẹ̀díẹ̀ ni á máa lọ́ wọ́ọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó de tuntun, ẹ dán an wò nínú ìkòkò. Ẹ fi òwú so ó rọ̀ sínú omi, kó má fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, kẹ́ ẹ ki tẹ̀mómítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e ka iná. Nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, bíi 82, ni ooru tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹnu. Kí omi tó hó, ẹnu rẹ̀ á ti ṣí gbagada, bó bá sì tutù, á tún padé pátápátá. Èyí tó ya ẹnu nígbà tí omi ṣì tutù, tàbí tí kò padé mọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é, ihò kékeré tó ní irin tíntìn-tín nínú gbọ́dọ̀ wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná láéláé.

Bí ọkọ̀ bá tún gbóná lẹ́yìn tí thermostat padà sípò, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Rédíétọ̀ tó di, fáànù tí kò lágbára, tàbí omi kànga tó ti dá ìpẹtà sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì ni kẹ́ ẹ yanjú.

Sẹ́ńsọ̀ ooru fúnra rẹ̀ lè máa parọ́. Ẹ yọ orí wáyà rẹ̀, kẹ́ ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, á wà láàárín 2 sí 3 kΩ ní 20 °C, á sì já sí bíi 300 Ω ní 80 °C. Èyí tí kò yí padà rárá láti òwúrọ̀ títí tí ẹ́ńjìnì fi gbóná ti kú.

Bí epo bá ṣì pọ̀ jù

Fílítà afẹ́fẹ́ kọ́kọ́. Eruku ọ̀nà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí máa ń dí i kíákíá nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ mass airflow (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé), kẹ́ ẹ fín in pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ṣe fún un nìkan, ẹ má fi ìka tàbí aṣọ kàn án, torí wáyà inú rẹ̀ kò nípọn ju irun lọ. Nínú àwọn ọkọ̀ tí régúlétọ̀ epo wọn ní họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ lórí, ẹ fa họ́ọ̀sì náà yọ kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí bẹntiróòlù bá wà nínú rẹ̀, awọ inú régúlétọ̀ ti ya.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà ṣáájú catalytic gbọ́dọ̀ máa fò sókè sódò láàárín 0.1 àti 0.9 V bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná. Èyí tó dúró sójú kan ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan ń lo air-fuel sensor, tí kì í fò báyìí, nítorí náà ẹ mọ irú èyí tó wà lára tiyín kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́bi. Ẹ sì tẹ́tí sí ibi tí sálẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnì: bó bá ń dún tọ̀-tọ̀-tọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kò tó, á sì ní kí wọ́n fi kún un.

HC tó ga: ẹ ka ẹnu púlọ́ọ̀gì

Ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tò wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnì. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ dára. Dúdú gbígbẹ bíi èédú, epo pọ̀ jù. Dúdú tó ń yọ̀, ọ́ìlì ń wọlé. Funfun bíi ẹfun, epo kò tó tàbí ooru pọ̀ jù. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọra, ohun tó kan gbogbo ẹ́ńjìnì ni ẹ ń wá. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, sílíńdà yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì Camry 2.2 àti Corolla 1.8 tí wọ́n pè ní 1ZZ jẹ́ 1.1 mm. Ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi dè é kó tó kan sípánà, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù.

Láti mọ̀ bóyá kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná ni, ká ní sílíńdà kejì ni kò jó, ẹ pààrọ̀ ààyè kọ́ìlì sílíńdà kejì pẹ̀lú ti ìkẹta. Bí kóòdù bá kúrò ní P0302 (sílíńdà kejì) tó di P0303 (sílíńdà kẹta), kọ́ìlì náà ni. Bí kò bá kúrò, ẹ wọn compression (agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀): 150 sí 180 psi dára, èyí tí kò tó 100 kò dára. Ẹ da ṣíbí ìmu-tíì kan ọ́ìlì sínú sílíńdà tó kéré náà kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè, ríńgì ara písítìnì ló ti jẹ, bí kò bá gòkè, fáàfù ni.

Àwọn họ́ọ̀sì rọ́bà kéékèèké náà máa ń gan, wọ́n á sì là. Ẹ fín omi díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kó má kan wáyà àti kọ́ìlì. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnì bá ti yí padà ni ihò wà.

Èéfín búlúù

Bó bá tú èéfín nígbà tẹ́ ẹ ṣíná láàárọ̀ nìkan, róbà ẹsẹ̀ fáàfù ni, kò sì tó ohun tí ẹ ó tú gbogbo ẹ́ńjìnì fún. Bó bá ń tú u nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá tẹ epo, ríńgì ni. Camry Muscle oní-sílíńdà mẹ́rin ti 2007 sí 2009 gbajúmọ̀ fún èyí, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì rẹ̀ máa ń dí. Kẹ́ ẹ tó gbà pé ríńgì ni, ẹ yọ PCV valve (fáàfù kékeré tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnì padà sẹ́nu ìfàmu) kẹ́ ẹ mì ín létí: ó gbọ́dọ̀ dún ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀. Èyí tí kò dún ti di, òun nìkan sì lè ti ọ́ìlì gba ẹnu ìfàmu wọlé. A kò gbà yín nímọ̀ràn oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì kó lè nípọn. Ó lè bo èéfín mọ́lẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan, àmọ́ ohun tó jẹ kò padà sípò.

Catalytic ló gbẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti gé tirẹ̀ tà láìjẹ́ pé ẹni tó ni ọkọ̀ mọ̀. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó nígbà tó bá tutù, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ gbá a: èyí tó ń dún gbara-gbara ti fọ́ nínú. Bó bá wà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, kẹ́ ẹ gbé e sí 2,500 rpm fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ìbọn tó ń ka ooru láti òkèèrè wọn iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ló yẹ kó gbóná ju iwájú lọ. Bó bá jẹ́ tọ́kunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ tan iná sínú rẹ̀: ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin ni ẹ ó rí, láìsí ibi tó yọ́ tàbí tó jábọ́. Páìpù kékeré tí wọ́n ń fi bọ ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn lè pa iná check engine, kò lè tan ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín. Ẹ má sì de tuntun sórí ẹ́ńjìnì tó ṣì ń jó ọ́ìlì, torí á pa òun náà.

Fún Peugeot 504 àti àwọn oní-kàbúrétọ̀ yòókù, ẹ wò ó bóyá choke (ìdérí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù) há sílẹ̀ ní pípadé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi síkúrù epo tún un ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná.

Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń padà lọ, bí ọ́ìlì bá ti pẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú, torí bẹntiróòlù tó ti yọ́ sínú rẹ̀ máa ń padà sínú ẹ́ńjìnì bí atẹ́gùn. Ẹ wa ọkọ̀ dé ọ̀nà Ìdànrè fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, torí catalytic kì í ṣiṣẹ́ dáadáa kó tó dé nǹkan bíi 300 °C. Ẹ má pa iná ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúró de àyẹ̀wò. Bí ìlà àwọn ọkọ̀ bá gùn, kó tó kàn yín, ẹ tẹ epo sí 2,500 rpm fún ìṣẹ́jú méjì kó lè padà gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí CO bá ti wálẹ̀ tí HC kò kúrò lójú kan, ẹ padà sórí púlọ́ọ̀gì àti compression, ẹ má tún fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ epo mọ́.