Bí mo ṣe tọpa orúkọ Lefebvre fún ọmọ àbúrò mi

Ará Faransé ni ọkọ àbúrò mi, Lefebvre ni wọ́n ń jẹ́ nílé wọn. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ní Lille, ìbéèrè tí màmá wa kọ́kọ́ béèrè ni pé irú ọmọ wo làwọn Lefebvre yìí, kí sì ni orúkọ wọn túmọ̀ sí. Bàbá ọmọ kò lè sọ. Èmi tí mo gbọ́ Faransé ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò pẹ́ rárá: alágbẹ̀dẹ ni. Faber ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ irin ní èdè Látìn, ó sì di fèvre ní Faransé àtijọ́. Ẹnu kì í pe b tó wà láàrin Lefebvre. Àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ ló fi í sí i kí orúkọ náà lè jọ Látìn. Àmì kan náà ni wọ́n sì ń lò fún u àti v nígbà yẹn, ni àwọn kan bá kà á sí Lefébure, ìyẹn náà sì di orúkọ ìdílé títí dòní.

Ibi tí wọ́n pọ̀ sí ló dùn mọ́ mi jù. INSEE, àjọ ìṣirò ìjọba Faransé, ní àkójọ orúkọ ìdílé àwọn tí wọ́n bí láti 1891 sí 1990, ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Martin ló wọ́pọ̀ jù lọ. Lefebvre wà láàrin ogún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àríwá ló kún sí: Nord, Pas-de-Calais, Somme, dé Normandy. Mo wá Fabre, gúúsù ló gbé mi lọ. Aveyron ni wọ́n ti bí Jean-Henri Fabre, onímọ̀ kòkòrò, ní 1823. Favre wà ní Savoie, lẹ́bàá òkè Alps, Le Goff wà ní Bretagne, ní ìwọ̀ oòrùn. Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn! Èdè tí wọ́n ń sọ ní agbègbè kálukú ló yí orúkọ padà.

Mo tètè sọ fún màmá pé ìyẹn kò sọ wọ́n di ẹbí kan. Kò sí abúlé tí kò nílò ẹni tí yóò rọ ohun èlò oko, tí yóò sì kan irin sí pátákò ẹṣin. Bí gbogbo Ògúnlànà àti Ògúnbíyìí kò ṣe ti agboolé kan wá náà nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ilé kan pàtó, àfi kí ẹ wọ inú ìwé ìbí.

Ilé àkójọ ìwé ẹkùn Nord ti gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Láti orí bàbá bàbá ọmọ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ìwé ìgbéyàwó ló wúlò jù: òbí tọkọtaya, ìlú wọn àti iṣẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Atọ́ka ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá tún wà, kò ní jẹ́ kí ẹ ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sọ́kàn pé láti 1793 títí di òpin 1805, kàlẹ́ńdà tí Ìyípadà Ìjọba Faransé ti 1789 gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń lò, ẹ óò ní láti yí ọjọ́ padà. Ṣáájú 1792, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú wà. Ẹ wá gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́. Lefebvre, Le Febvre àti Lefèvre lè jẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo.

Mi ò rí alágbẹ̀dẹ kankan ní ìlà tiwọn. Awakùsà èédú ni wọ́n, ṣáájú ìyẹn ahunṣọ, láti ìran dé ìran. Inú màmá dùn sí àwọn ahunṣọ yẹn gan-an, nítorí ìyá tiwọn náà hun aṣọ òfì. Wọ́n ti ní kí n wá ìdílé ìyá bàbá ọmọ náà báyìí. Vandamme ni wọ́n ń jẹ́, ìyẹn sì ti kọjá Faransé bọ́ sí èdè Flemish, irú Dutch tí wọ́n ń sọ ní àríwá Belgium.