Kí ìrì dídì tó dé: oko ẹ̀yìnkùlé fún ọmọ Òkun tó ń lọ sí Kánádà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyàrà, ìlú wa nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, nínú ọyẹ́ oṣù Kìíní, ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé Edmonton ní Kánádà. Láàárọ̀ àná, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà ń di ẹrù. Ìyá wa jókòó tì í, ó ń da irúgbìn ewédú sínú agolo mílíìkì, ó ń gbọn agolo náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè gbà sí i. Ó ti wé ata rodo gbígbẹ sínú ọ̀rá, ó ti so ìṣápá mọ́ etí aṣọ. Ó ní ọmọ òun kò ní dé ilẹ̀ àjèjì kó máa ra ewé jẹ bí ẹni tí kò ní ìyá. Ó dùn mí láti la ẹnu, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́. Irúgbìn yẹn lè má kọjá pápákọ̀ òfurufú. Bó bá tilẹ̀ kọjá, ilẹ̀ tó ń lọ kì í gba irúgbìn bí ilẹ̀ Ìyàrà ṣe ń gbà á.

Ohun tí mo bá àwọn méjèèjì sọ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́, yálà Kàbà lẹ ti ń gbéra, tàbí Ìsánlú, tàbí Mọ̀pà. Púpọ̀ nínú wa, inú oko la dàgbà sí. Ọkọ́ kò ṣàjèjì sí wa. Kàlẹ́ńdà ibẹ̀ ló ṣàjèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ irúgbìn kúrò nílẹ̀ ná. Ohun ọ̀gbìn yòówù tí ẹ bá gbé wọ Kánádà, irúgbìn ni o, ewé ni o, iṣu ni o, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù níbi tí ẹ bá ti balẹ̀. Ọ̀pọ̀ irúgbìn ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn, èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn máa ń fúnni kí èèyàn tó gbéra. Ní ti erùpẹ̀, kò gbọdọ̀ wọlé, kódà kó jẹ́ ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ ara iṣu. Ẹni tó bá dákẹ́, tí wọ́n wá bá a nínú ẹrù rẹ̀, owó ìtanràn lè tó 1,300 dọ́là. Owó yẹn ju ohun tí ẹnì kan fi ń jẹun lóṣù kan lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sídìí láti gbé e. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Lárúbáwá, ẹ béèrè molokhia; ewédú ni wọ́n máa gbé fún yín. Tẹ̀tẹ̀ ni àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní callaloo. Ìṣápá ni wọ́n ń pè ní sorrel, àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí, torí àwọn òyìnbó ní ewé kíkan mìíràn tó ń jẹ́ sorrel; ẹ wo ara páálí bóyá roselle ló wà níbẹ̀. Ata rodo ni habanero tàbí Scotch bonnet. Ṣọkọ yòkòtò, òdòdó ni wọ́n ń tà á fún, celosia lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ṣọkọ nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà báńkì kan, mo dúró, mo ń wò ó. Èèyàn ń kọjá, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọbẹ̀ ni.

Ó yá, kàlẹ́ńdà. Nílé, òjò là ń wò. Bí òjò oṣù Kẹrin bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ ti yá sóko, ẹni tó bá sì pẹ́ díẹ̀ yóò ṣì kórè nǹkan. Ní Edmonton, òjò kọ́ lẹ ó máa wò, ìrì dídì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní frost. Bí ilẹ̀ bá tutù tó dé 0°C lóru tí ojú ọ̀run mọ́ tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, ìrì orí ewé á di omi dídì, omi inú ewé náà á dì pẹ̀lú, ewé á sì kú. Láàárín ìrì dídì tó kẹ́yìn nígbà tí òtútù ń lọ àti èyí tó kọ́kọ́ dé nígbà tó ń padà bọ̀, bí oṣù mẹ́rin péré ni ẹ ní. Oṣù mẹ́rin yẹn ni gbogbo oko.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, n kò mọ èyí. Sínóò ti yọ́ tán nígbà tí oṣù Kẹrin ń parí, koríko ti tutù yọ̀yọ̀, oòrùn ń ràn débi pé mo bọ́ kóòtù. Mo sọ fún ara mi pé òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Mo ra ọmọ ata mẹ́fà, mo gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Karùn-ún. Lọ́jọ́ kẹrin, mo jí, mo rí i pé gbogbo ewé wọn ti dúdú, wọ́n rọ̀ jọwọrọ bí ewé tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Omi inú korobá ti dì lórí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi gíláàsì. Mo pe ìyá mi. Ó ní, “Ta ló pa á?” Mo ní òtútù ni. Ó ní, “Òtútù wo ló ń pa ata?” Kò gbà mí gbọ́ títí mo fi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Àwọn àgbà ibẹ̀ ní òfin kan: ẹ má ṣe gbé ata tàbí tòmátì síta kí Victoria Day tó kọjá. Ìsinmi ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria ni, ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún. Ẹ dì í mú bí ẹ ṣe ń di ọjọ́ ọjà Kàbà mú. Ní ti ata rodo, èmi kì í gbé e síta títí wọ oṣù Kẹfà, torí kì í ṣe ìrì dídì nìkan ló ń bà á jẹ́. Bí òru bá ti ń lọ sísàlẹ̀ 10°C, ata kò ní kú, kò sì ní dàgbà. Ṣe ni yóò kàn dúró síbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ máa kà á sẹ́yìn. Ara páálí irúgbìn ni wọ́n kọ iye ọjọ́ sí. Ata rodo ń lò tó 90 sí 100 ọjọ́ kó tó pọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ gbé e síta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fọ́n irúgbìn. Ohun tó dá mi láàmú jù nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e síta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, oṣù Kẹsàn-án ni yóò pọ́n, ìyẹn ni pé ẹ̀yin àti ìrì dídì jọ ń sáré. Nítorí náà, ọmọ ata gbọ́dọ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé kó tó jáde. Ẹ fọ́n ọn sínú ike kékeré ní ìparí oṣù Kejì, nígbà tí sínóò ṣì dé orúnkún níta. Ẹ gbé ike náà sórí fíríìjì, torí ata kì í hù dáadáa àfi kí ilẹ̀ rẹ̀ móoru tó 25°C, orí fíríìjì sì máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Bó bá ti yọrí, ẹ gbé e sábẹ́ iná LED fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́. Ojú fèrèsé nìkan kò tó. Yóò fà gbọọrọ, ọrùn rẹ̀ á tín-ín-rín, á ṣubú. Tòmátì kò nílò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó o.

Ẹ má sì gbé e láti inú ilé sínú oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí kan lábẹ́ òjìji lọ́jọ́ àkọ́kọ́, méjì lọ́jọ́ kejì, kó máa mọ afẹ́fẹ́ àti oòrùn lára díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé. Ọmọ tuntun là ń gbé jáde.

Iṣu kò ṣeé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kọ ebè. Oṣù méje sí mẹ́sàn-án ni iṣu ń wá, a kò ní in. Ilá ṣeé ṣe bí ilẹ̀ bá móoru. Ẹ rẹ irúgbìn rẹ̀ sómi mọ́jú, kí ẹ gbìn ín sínú ike dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó dojú kọ gúúsù, torí ògiri yẹn á máa tú ooru jáde lóru. Tẹ̀tẹ̀ kì í ni yín lára, láàárín oṣù kan ẹ ti ń já a.

Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló wá yà mí lẹ́nu jù lọ. Ní Kàbà, ojúmọ́ tó gùn jù lọ lọ́dún kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àbọ̀ lọ. Ní Edmonton, nínú oṣù Kẹfà, ojúmọ́ ń tó wákàtí 17. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti fẹ́ lù, ẹ ṣì ń rí ewé tí ẹ ń tu. Irúgbìn sì wà tó jẹ́ pé òru ló ń kà. Títí òru yóò fi gùn tó, kò ní tanná. Ìṣápá jẹ́ ọ̀kan. Nílé, ó máa ń tanná bí òjò bá ti ń parí. Ní Edmonton, òru kì í gùn tó fún un títí wọ oṣù Kẹsàn-án, ìgbà yẹn ni ìrì dídì náà ń kan ilẹ̀kùn. Ọdún méjì ni mo fi dúró de òdòdó ìṣápá lásán. Ní báyìí, ewé rẹ̀ ni mo ń jẹ. Ewédú rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ṣe wá lóore: bí kò ti rí òru gígùn, kì í tètè so, ewé ṣáá ni yóò máa yọ. Ewédú tí mo ń ká ní Edmonton nínú oṣù Keje tutù ju èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìyá mi lọ. Mo sọ èyí fún un lánàá, ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ òru yìí ni ọ̀rọ̀ igbó, ìyẹn cannabis tí wọ́n ń fà, ti máa ń jẹ yọ, ẹ ó sì bá a pàdé, nítorí náà mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba. Bàbá àgbàlagbà kan tí oko wa jọ fara kanra ń gbin igbó mẹ́rin sẹ́yìn ilé rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń ṣàròyé pé oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, tí ìrì dídì á sì bá wọn láìtíì gbó. Igbó náà ń ka òru bí ìṣápá. Òfin gbà á láyè: láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ilé kan lè gbin igbó tí kò ju mẹ́rin lọ. Ilé kan ni mo wí o, kì í ṣe ẹnì kan. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà nínú ilé, mẹ́rin náà ni. Ìpínlẹ̀ Quebec kò gbà á rárá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti tì wọ́n lẹ́yìn lọ́dún 2023. Onílé tí ẹ ń háyà lọ́wọ́ rẹ̀ náà lè kọ̀.

Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í gbọ́ nìyí. Ẹni tó bá gbìn ju mẹ́rin lọ, ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá gbé e wọlé tàbí gbé e jáde kúrò ní Kánádà, tirẹ̀ náà lè tó ọdún 14, bó ti wù kó kéré mọ. Tí ilé ẹjọ́ bá sì dá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́wàá, ó lè pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀, kí wọ́n dá a padà sílé. Ará ilẹ̀ náà àti ẹ̀yin lè jọ ṣe ohun kan náà, kí tirẹ̀ parí sí ìtìjú, kí tiyín parí sínú ọkọ̀ òfurufú. Ní Nàìjíríà ńkọ́, NDLEA kò ní béèrè ibi tí ẹ ti rà á. Èmi ò gbìn ín, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé tirẹ̀ síbi ilẹ̀ mi kí n máa bá a bomi rin ín. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbà.

Ilẹ̀ dà? Bí ẹ kò bá ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ béèrè community garden, ìyẹn ọgbà àdúgbò tí wọ́n pín sí ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, tí èèyàn ń san owó díẹ̀ lọ́dún. Ìgbà òtútù ni kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, nítorí ìlà máa ń gùn. Wọ́n ní òfin: ẹ tu koríko yín, ẹ má da oògùn sí i, bí ẹ bá sì pa á tì, wọ́n á fi fún ẹlòmíràn. Bí ẹ̀yìnkùlé bá wà, ẹ gba àṣẹ onílé kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí Click Before You Dig lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n wá fi hàn yín ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà iná gbà kọjá. Ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ́ wa máa ń wọlẹ̀ jìn, ẹ kò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Láti ìdajì oṣù Kẹjọ, ẹ máa wo ojú ọjọ́ lórí fóònù lálaalẹ́. Bí wọ́n bá kọ frost síbẹ̀, ẹ da aṣọ ibùsùn àtijọ́ bo ata kí oòrùn tó wọ̀, kí etí aṣọ balẹ̀ kó lè ká ooru ilẹ̀ mọ́. Ẹ ká a kúrò láàárọ̀. Mo ti fi aṣọ mẹ́ta jèrè ọ̀sẹ̀ méjì báyìí rí, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni ata mi fi pọ́n. Bí wọ́n bá ní òtútù náà yóò le, ẹ ká gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tòmátì tútù á pọ́n nínú páálí. Ata rodo, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e sínú fírísà lódindi. Ìkòkò ewúro, ẹ gbé e wọlé sójú fèrèsé. Á wọ́wé, ṣùgbọ́n kò ní kú.

Ìyá mi ti da ewédú rẹ̀ padà sínú igbá. Agolo mílíìkì náà ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, àbúrò mi sì ní òun á mú un lọ bẹ́ẹ̀, pé inú rẹ̀ lòun máa fọ́n ata sí ní ìparí oṣù Kejì.