Bí Aláboyún Ṣe Ń De Bẹ́líìtì Nínú Ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ aláboyún ní Abẹ́òkúta kì í de bẹ́líìtì, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé á tẹ ọmọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa dè é láti ìgbà tí oyún ti dúró títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀. Tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan tí ìyá ò de bẹ́líìtì, ikùn rẹ̀ lè lu dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí sítíárìn, kí ibi ọmọ ṣí kúrò lára ilé ọmọ.

Kí ẹ tó wọ takisí ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Ìtòkú, ẹ wo ibi tí bẹ́líìtì wà. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń há sábẹ́ ìjókòó. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fà á yọ." Ẹ sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí wọ́n bá fẹ́ há ẹlòmíì mọ́ yín níwájú, ẹ má gbà. Bẹ́líìtì kan ò ṣeé de èèyàn méjì. Bí agbára bá wà, ẹ san owó ẹni méjì.

Ẹ fẹ̀yìn ti ìjókòó dáadáa. Apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì ló ṣe pàtàkì jù: ẹ fà á gba abẹ́ ikùn, kó sùn lórí egungun ìbàdí, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba orí ikùn rárá. Egungun ìbàdí lágbára, òun ló yẹ kó gba agbára ìkọlù náà. Bí oyún bá ti tóbi, ẹ fi ọwọ́ kan gbé ikùn sókè díẹ̀, kí ẹ fi èkejì ti bẹ́líìtì sábẹ́ rẹ̀. Ìró tó nípọn máa ń tì í gòkè, ẹ tú u wé. Bí ọkọ̀ bá sì bọ́ sí kòtò, ẹ tún un wò.

Apá òkè á gba orí èjìká, sí àárín ọyàn méjèèjì, kó wá gba ẹ̀gbẹ́ ikùn kọjá. Ẹ má kì í bọ abẹ́ apá, ẹ má jù ú sẹ́yìn. Kó fún mọ́ ara.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀, ẹ sún ìjókòó sẹ́yìn kí àyà yín jìnnà sí sítíárìn tó ínǹṣì 10, kí ẹsẹ̀ ṣì máa dé bírékì. Ẹ má pa éábáàgì, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kódà kó kéré, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bí ara ò tilẹ̀ dùn yín. Ibi ọmọ lè máa ṣí díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ìyá tó mọ̀. FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìdí-Abà. 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, kí ẹ sì fi káàdì ìtọ́jú oyún yín hàn wọ́n. Tí irú ẹ̀jẹ̀ yín (blood group) bá jẹ́ negative, bíi O negative, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kí ẹ gbà láàárín wákàtí 72. Bí ẹ bá ti padà sílé tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi, tí ikùn ń le tàbí tó ń dùn yín, tàbí tí ọmọ ò yí bó ṣe máa ń yí, ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.